Ọjọ́ Tí Mo Pe Ìtun Ní Ìríra

Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wọ́n ń ta igi ìtun kan ní ọjà Igbudu lọ́jọ́ tí n kò lè gbàgbé yẹn. Ìtun ni ìdin ọlọ́ràá inú igi ògùrọ̀, tí àwọn ará Warri ń tò sórí igi sun jẹ.

Oníbàárà kan mú un wọ ìsọ̀ mi. Ó yan lésì mẹ́fà fún ìgbéyàwó ọmọbìnrin rẹ̀, ó wá na ìdin sí mi: "Mama, chop one."

Itọ́ kún ẹnu mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ẹ o, ó rí mi lára ni! Mo yíjú sí Ràmọ́ta, ará Ìsẹ́yìn bíi tèmi, tó ń ta lésì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fi Yorùbá sọ pé, "Ìríra! Ajá ilé wa ò ní í jẹ èyí."

Obìnrin náà gbé lésì mi kalẹ̀. "Ìyá, ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Mo gbọ́ Yorùbá. Oúnjẹ tí bàbá mi fi tọ́ mi lẹ pè ní ìríra?"



Ràmọ́ta, ọ̀kánjúà, na ọwọ́. "Ẹ fún mi, ìyá ìyàwó. Kí lèyí mọ̀ nínú adùn?" Ó jẹ méjì, ó lá ìka, ó sì ta lésì mẹ́fà fún un.

Títí dòní, ìdin yẹn ṣì ń rí mi lára, Ràmọ́ta sì ti kúndùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá dúró, mo ń gbé ìríra mi mì. Ọ̀rọ̀ kan péré gba èrè ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún náírà lọ́wọ́ mi.