Oṣù Mẹ́fà Ni Mo Fi Pẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba orí kọjá kan etí kejì, tí wọ́n ní mo ti tó iléèwé í lọ, màmá wa mú èmi àti èkejì mi lọ síléèwé ní Igbó-Ọrà níbí. Ìbejì ni wá, ojú kan náà, imú kan náà. Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílùú ni tíṣà tó ń kọ orúkọ. Ó kọ ti èkejì mi tán, ó gbójú sókè, ó rí mi, ó ní ọmọ kan náà ò lè wọ ìwé òun lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó wá rí àwa méjèèjì pọ̀, ó ní ọ̀kan ti tó nínú ilé kan, kí ìkejì dúró dọdún tó ń bọ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀! Nílùú wa, tẹ́ ẹ bá ra bàtà fún Táyé, ẹ ti ra ti Kẹ́hìndé nìyẹn. Màmá wa ò bá a jà. Wọ́n ní kó pa orúkọ tó kọ rẹ́, wọ́n fà wá lọ́wọ́, ó dilé. Lọ́jọ́ kẹta, tíṣà fúnra rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ lójúde wa, ó ní òun ò mọ àṣà ìlú ni. Àwa méjèèjì la jọ wọléèwé.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe, tí ẹ ń gbani síṣẹ́, tí ẹ ń kọ̀wé fẹ́ni tí wọ́n bá dá dúró, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ojoojúmọ́ lẹ ń bi mí pé ìgbà wo ló yẹ kéèyàn kúrò níbi iṣẹ́ kan lọ síbòmíràn. Ẹ ó máa ka ọdún lórí ìka, ẹ ó máa wo ibi tówó oṣù gbé pọ̀. Ó ń bí mi nínú o. Ṣùgbọ́n ara mi ló ń bí mi nínú jù.

Ilé iṣẹ́ kan wà nígbà náà lọ́nà Lánlátẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ẹ̀gẹ́ di ìyẹ̀fun. Èmi ni mò ń rí sọ́rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Mo gba ìbejì kan síṣẹ́, obìnrin méjì tọ́wọ́ wọn yá. Àfi lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá pátápátá, tí ń gbé nílùú ńlá, pè mí lórí fóònù, ó ní kọ̀ǹpútà ti mú olè tó ń gbowó oṣù ẹni méjì: orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, fọ́tò kan náà. Mo ní ìbejì ni wọ́n, sà, kó wá fojú ara rẹ̀ rí wọn. Ó ní òun ò ráyè, kí n yọ ọ̀kan, èyíkéyìí tó bá wù mí.

Èyíkéyìí! Ṣé ewúrẹ́ la fẹ́ tà ni?

Èmi tí wọ́n fẹ́ yọ bẹ́ẹ̀ rí, mo jókòó, mo kọ̀wé pé ayédèrú òṣìṣẹ́ ni Kẹ́hìndé, mo sì fọwọ́ sí i. Mo ní ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì, mi ò ní fọwọ́ ara mi ba tèmi jẹ́. Kẹ́hìndé gbàwé, kò bú mi. Táyé ló bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ká a sórí tábìlì mi, ó ní, "Ẹ ṣé o, Màmá. Àwa méjèèjì la jọ wá." Ọ̀kadà kan náà ni wọ́n jọ gùn lọ.

Ṣé ẹ rò pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà? Rárá o. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lè wo ẹnikẹ́ni lójú dáadáa, síbẹ̀ mo ń lọ, mo ń bọ̀, títí tí mo fi lọ kí màmá wa nígbà Iléyá. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n kò sóhun tí etí wọn ò gbọ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé wọ́n lé ìbejì níbi iṣẹ́ mi.

Wọ́n ní, "Ọwọ́ ta ló kọ̀wé náà?"

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá ọwọ́ ọ̀tún mi rí, wọ́n gbé e gba orí mi kọjá, títí tó fi kan etí kejì.

Ọjọ́ kejì ni mo kọ̀wé pé mo ti lọ. Láyé ijọ́un, ẹni tó bá ṣàṣìṣe nípa wa ṣì ń rìn wálé wá bẹ̀ wá. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ló ń ṣàṣìṣe nípa wa, ẹni tó gbé e kalẹ̀ ò sì ní mọ ojúde wa láéláé. Ọwọ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé nìkan ló kù. Nítorí náà, ẹ má bi mí léèrè ìgbà mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sóhun tẹ́ ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, ọjọ́ náà ni. Èmi fi oṣù mẹ́fà pẹ́.