Gàfárù àti Píkọ́ọ̀pù tó Ń Fi Ẹ̀yìn Rìn

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, nǹkan bí ọdún mẹ́fà kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, Gàfárù wa píkọ́ọ̀pù rẹ̀ láti Ìlọ́bù lọ sí Ìfọ́n, ẹ̀yìn ló sì fi wà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí ọkọ̀ ló ṣíwájú, imú ọkọ̀ ń tẹ̀ lé e. Gàfárù yọ orí síta lójú fèrèsé, ó yí ọrùn sẹ́yìn bí òwìwí, èéfín bo gbogbo ojú rẹ̀. Àwọn tó pàdé rẹ̀ lọ́nà rò pé ọkọ̀ ń ti ìrìn àjò dé ni. Wọ́n yà fún un, wọ́n kí i pé, "Ẹ kú àbọ̀ o!"

Gàfárù pariwo láti inú èéfín, ó ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ni!"

Ewúrẹ́ méje ló sá wọgbó lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n àwọn yẹn ò sí níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ kí Jímọ̀ rí imú ọkọ̀ tó kọjú sí i lọ́ọ̀ọ́kán. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ sínú koríko, ó ní kí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ kọjá. Bàbá dúró títí. Wọ́n ti kírun tán kí ó tó yé e pé ńṣe ni ọkọ̀ náà ń lọ.

Gbogbo èèyàn ló rẹ́rìn-ín. Gàfárù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí ìyàwó rẹ̀ ló ń lọ mú wálé. Bí ọkọ̀ yẹn bá kú kó tó dé Ìfọ́n, ìyàwó tán nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ara píkọ́ọ̀pù ọ̀hún. Ó ti wà kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀. Iṣu ni Gàfárù fi ń kó láti Ìlọ́bù lọ sí ìdíkọ̀ rélùwéè Òṣogbo, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí òjò bá ń rọ̀, aṣọ ìbora tirẹ̀ ló máa ń lọ dà bò ó. Nígbà tó di oṣù ààwẹ̀ ọdún náà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kú. Mẹkáníìkì kan ní Òṣogbo ṣí i, ó wò ó, ó sì rọra pa á dé.

Ó ní, "Ẹ lọ ta irin rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ."

Gàfárù ní, "Ta irin kẹ̀? Ẹ wo ara ẹ̀, ó ṣì le koko."

Mẹkáníìkì ní, "Òkú ni. Bí òkú ṣe máa ń le náà nìyẹn."

Nínú ilé Gàfárù kan náà, ẹ́ńjìnnì kan wà tí kò kú. Ti Mùíbátù ìyàwó rẹ̀ ni. Ìyá Mùíbátù, Mọ́ríátù tó wà ní Ìfọ́n, ló bá a rà á kó máa fi lọ ata àti àgbàdo fún gbogbo àdúgbò. Ìgbàlódé pátápátá ni, ó ń dán, àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, epo dísù ló ń mu. Tó bá ti ń ké, àwọn obìnrin á máa gbé igbá bọ̀ láti ìlú Ẹ̀rìn tó wà nítòsí. Gàfárù á jókòó tì í láti àárọ̀, á máa wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun.

Mùíbátù ní, "Bàbá Rísíkátù, kí lẹ ń wò lára ẹ́ńjìnnì mi?"

Rísíkátù ni ọmọ wọn kan ṣoṣo, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ṣì wà nígbà yẹn.

Gàfárù ní, "Agbára ẹ̀ ni mò ń wò. Agbára yìí ti pọ̀ ju ti ata lọ."

Ó yẹ kí Mùíbátù ti ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ náà. Kò tì í. Ó lọ sí Ìfọ́n fún ìsọmọlórúkọ, ó lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Kó tó kúrò ní ìlú tán, Gàfárù ti mú sípánà.

Ẹ́ńjìnnì ò wọ ojú ihò ọkọ̀. Ó gùn jù, àgbá irin ńlá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń yí bíi kẹ̀kẹ́. Gàfárù tì í, ó fà á, ó gun orí rẹ̀, ó fò lé e. Kò wọ̀. Ló bá yí i padà, ó ki ìdí rẹ̀ bọ ibi tó yẹ kí orí wà, ó sì wọ̀ wẹ́rẹ́. Tíṣà Ọládèjì tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá wò ó.

Tíṣà ní, "Gàfárù, o ti yí nǹkan yìí padà. Òdì ni yóò máa yí. Ọkọ̀ yóò máa fi ẹ̀yìn lọ."

Gàfárù ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ṣé ọkọ̀ náà mọ̀wé ni?"

Ó ránṣẹ́ pe alágbẹ̀dẹ, ó ní kó fi iná lẹ ẹ́ńjìnnì mọ́ irin ọkọ̀ kó má baà mì. Alágbẹ̀dẹ lẹ̀ ẹ́ débi pé ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ mọ́, àfi kó fọ́ ọ. Gàfárù gun ọkọ̀, ó fi í sí jíà kìíní, ọkọ̀ fi ẹ̀yìn wó ògiri ilé ìwẹ̀. Ó fi í sí jíà kejì, ó fi ẹ̀yìn wọ oko ẹ̀gẹ́. Jíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń lọ síwájú tẹ́lẹ̀ ti di ti ẹ̀yìn. Ìkan ṣoṣo tó jẹ́ ti ẹ̀yìn ló yẹ kó máa lọ síwájú, ṣùgbọ́n eyín ìyẹn ti ká tipẹ́, Gàfárù ò sì tún un ṣe. Ó ní kí lòun fẹ́ padà sẹ́yìn lọ ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Mùíbátù wọlé. Ọlọ ẹ̀rọ jókòó lóun nìkan, bẹ́líìtì rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Obìnrin mẹ́sàn-án tò síta pẹ̀lú àgbàdo tí wọ́n ti rẹ, òmíràn ti ń kan.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá Rísíkátù, ẹ kú àbọ̀. Ọkọ yín ti gbé ẹ́ńjìnnì wọ mọ́tò."

Mùíbátù ò pariwo. Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan. Ìdérí iwájú ò lè pa dé mọ́, ẹ́ńjìnnì yọ orí síta bí ìjàpá.

Ó ní, "Ṣé ó ń rìn?"

Gàfárù ní, "Ó ń rìn dáadáa."

"Síbo?"

Gàfárù nawọ́ sí ògiri ilé ìwẹ̀ tó wó.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Mùíbátù ti pọ́n ọmọ, ó ti ru àpótí, ó ti padà sí Ìfọ́n.

Gàfárù kan náà yìí, tó máa ń sọ pé òun lè tún ohunkóhun tí wọ́n fi irin ṣe ṣe, di ẹni tí kò lè se iṣu. Tó bá sè é, á jóná lẹ́yìn, inú á ṣì tutù. Kò rí iṣu kó, kò rí ata lọ̀, àwọn obìnrin àdúgbò ò dá a lóhùn ìkíni mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rán àwọn àgbà lọ bẹ̀bẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, Mọ́ríátù fún wọn ní iṣẹ́ kan kí wọ́n jẹ́ fún un.

"Ẹ sọ fún Gàfárù kó má rán ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ́ńjìnnì ọmọ mi tó jí gbé, kó gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Kí ẹnikẹ́ni má tì í, kí ẹnikẹ́ni má rù ú, agbára ara ẹ̀ ni kó fi dé. Tó bá fi di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tí kò dé, kó lọ máa fi mọ́tò ṣaya."

Tíṣà Ọládèjì ló sọ pé ní ọjọ́ tí iṣẹ́ yìí dé, òun rí Gàfárù tó jókòó sínú ọkọ̀ náà lábẹ́ oòrùn, tó di sítíárì mú, tí ẹ́ńjìnnì ò sì ké. Òun bi í pé níbo ló ń lọ. Gàfárù ní, "Tíṣà, ibi tó bá gbé mi lọ."

Bó ṣe di Jímọ̀ nìyẹn tó fi ẹ̀yìn gba ọ̀nà Ìfọ́n. Ìrìn tí ọbẹ̀ gbígbóná ò ní tutù lórí ẹni tó rù ú, láti àárọ̀ ni Gàfárù ti ń rìn ín. Ọrùn rẹ̀ ti gan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi fún ẹ́ńjìnnì tó ń hó.

Mọ́ríátù jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé pẹ̀lú Bàbá Hàmídù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti àwọn àgbà ilé mẹ́ta mìíràn. Wọ́n gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, wọ́n wo ọ̀nà. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n rí.

Mọ́ríátù gbá itan. "Yéè! Ẹ wo àna mi! Ẹ̀yìn ló kọ sí mi wọlé!"

Gàfárù fò jáde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, àyà kanlẹ̀, bó ṣe yẹ ọmọlúàbí níwájú àna. Àṣìṣe kan ló ṣe. Ọkọ̀ náà ò tíì dúró. Ó ń rọra fi ẹ̀yìn bọ̀ jẹ́jẹ́, àwọn àna dìde lórí bẹ́ńṣì lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí wọ́n fi ìkòokò lé, ọkọ̀ sì wá jókòó sórí bẹ́ńṣì dípò wọn.

Àwọn obìnrin àdúgbò Mọ́ríátù ti gbọ́ ohùn náà ní tiwọn, wọ́n rò pé ọlọ ẹ̀rọ ló dé. Wọ́n ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú igbá ata. Èrò tí Gàfárù kọ́kọ́ rí láti oṣù méjì nìyẹn.

Láti orí ilẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Bó ṣe mọ̀ ọ́n rìn nìyẹn."

Mọ́ríátù ní, "Mi ò gbà! Èmi ò bí ọmọ fún ẹni tó ń fi ìdí kí mi!"

Bàbá Hàmídù gbọn eruku kúrò lára agbádá rẹ̀. Ó ní, "Mọ́ríátù, ṣé ẹnì kan tì í?"

"Rárá."

"Ṣé wọ́n rù ú?"

"Rárá."

"O ní kó dé, o ò sọ apá ibi tó máa fi ṣíwájú. Àti pé, rò ó wò. Nígbà tó bá ń lọ, ojú ẹ̀ ni yóò kọ sí wa títí a ò fi ní rí i mọ́. Àna wo ló tún lè yẹ́ni sí jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Ẹ̀rín ta Mọ́ríátù lẹ́nu, ó gbé e mì. Ó ní kí wọ́n bi Mùíbátù fúnra rẹ̀.

Mùíbátù ti ru àpótí rẹ̀ jáde. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì mi ni mò ń bá lọ. Ẹni tó ń wà á ò kàn mí."

Àwọn géńdé ilé gbé ọkọ̀, wọ́n yí ìdí rẹ̀ sí ọ̀nà Ìlọ́bù. Gàfárù gbéra. Ó ń tẹrí ba fún àwọn àna, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì rí ọ̀nà tó ń tọ̀. Wọ́n rí i bó ṣe ń kí wọn títí tó fi kí wọn wọ inú gọ́tà. Àwọn géńdé tún gbé e jáde.

Wọn ò tíì rìn jìnnà nígbà tí ẹ́ńjìnnì húkọ́. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, nǹkan dún gbàù nínú rẹ̀, irin kan ta jáde wọ inú igbó, òróró dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sójú ọ̀nà. Ọkọ̀ dúró.

Mùíbátù ní, "Ó ti kú?"

Gàfárù fi sítíárì sílẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ti là, ó fi ọwọ́ kan ojú ibi tó là náà, ó jó o lọ́wọ́, kò sì fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Mùíbátù, padà sọ́dọ̀ ìyá ẹ. Mo ba tèmi jẹ́, mo wá ba tìẹ náà jẹ́. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́ mọ́."

Ó dijú, kó má baà rí ẹ̀yìn Mùíbátù bó ṣe ń lọ. Ó gbọ́ tó ń gbé àpótí. Ó gbọ́ tó ń gbá ọ̀já mọ́ ọmọ lẹ́yìn. Gàfárù ń retí, kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ló bá lajú.

Mùíbátù dúró síwájú rẹ̀. "Ẹ bá mi ru àpótí yìí. Ó wúwo."

"Síbo?"

"Bàbá Rísíkátù, ẹ dìde jàre, oòrùn ń pa ọmọ."

Lójúmọmọ ni Gàfárù ru àpótí ìyàwó wọ Ìlọ́bù. Nígbà yẹn, ọkùnrin kì í dán an wò. Àwọn èèyàn tò sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń pariwo pé, "Gàfárù, mọ́tò dà?"

Ó ní, "Èmi ni mọ́tò. Jíà mẹ́ta ni mo ní, gbogbo wọn ló ń lọ síwájú. Ẹ yà lọ́nà!"

Wọn ò lọ gbé píkọ́ọ̀pù náà mọ́. Orí ilẹ̀ tí Ìlọ́bù àti Ìfọ́n jọ ń jà sí ló kú sí. Ìlú méjèèjì ní àwọn ló nilẹ̀. Kò sí èyí tó ní òun ló ni mọ́tò.

Gàfárù pẹ́ láyé. Lọ́jọ́ tí àwa ọmọ ilé rẹ̀ ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ ikú rẹ̀, ìtàn yìí ni gbogbo ilé ń sọ, tí a sì ń rẹ́rìn-ín bíi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Mùíbátù, tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, jókòó sáàárín wa, ó ń fi etí gèlè nu ojú. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan bi í léèrè.

Ó ní, "Ìyá àgbà, lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì yín fọ́ yẹn, kí ló dé tí ẹ ò padà sí Ìfọ́n?"

Ìyá ní, "Ó ti rẹ̀ mí. Ìlọ́bù ló sún mọ́ jù."

Kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí mọ́tò yẹn kú sí láàárín wa. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀, òrùlé páànù ilé Mọ́ríátù ní Ìfọ́n ló ń tàn sí i lójú. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe jókòó, kò sí ẹni tó já ìyá nírọ́.