Sípíríìngì Tí Kò Níwèé

Bí ẹ bá rí Adégbìtẹ́, tíṣà tó ń gbé ní Àkóbọ̀, tó ń dá sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, ẹ má pè é ní wèrè. Ọ̀rọ̀ sípíríìngì ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ló ń dun ìyá rẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń gbé wọn lọ gba ìtọ́jú ní Ring Road, ọ̀nà àdúgbò wọn sì burú kọjá àfẹnusọ. Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, abẹ́ rẹ̀ á gbálẹ̀, ìyá á sì ké. Igbe yẹn kì í jẹ́ kí Adégbìtẹ́ lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tó fi lọ bá Simon, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Bódìjà, tí ìyẹn fi ṣọ́ọ̀kù tuntun àti sípíríìngì tó ga, tó sì lágbára, sí ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ dìde! Ìyá ń kọ orin Aládùúrà wọn títí dé Ring Road, wọn ò ké lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ sì mọ àṣà wa: ohun tí mẹkáníìkì bá tú lára ọkọ̀, tirẹ̀ ni. Síbẹ̀, Simon fẹ́ kó sípíríìngì àtijọ́ sí búùtù fún un, Adégbìtẹ́ ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Máa kó wọn lọ jàre." Ẹ wo ọ̀làwọ́!

Ìgbà tí ọjọ́ ìwé ọkọ̀ parí, ó gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń fún ọkọ̀ níwèé. Láìsí ìwé, wọ́n á dá a dúró lójú ọ̀nà, ìyá ò sì ní débi ìtọ́jú. Obìnrin tó ń yẹ ọkọ̀ wò kúnlẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, wọ́n ti gbé ọkọ̀ yìí sókè. Ìwé àṣẹ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni wọ́n ti ń gbà á?"

"Ẹ bi wọ́n ní ọ́fíìsì òkè."

Lókè, ọkùnrin kan ní irú rẹ̀ ò nílò ìwé rárá. Adégbìtẹ́ yọ̀, ó ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun ò lè fọwọ́ sí ohun tí kò sí. Adégbìtẹ́ tún sọ̀ kalẹ̀, obìnrin yẹn ní kó lọ dá ọkọ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ gbà mí o! Bí ẹ bá ní kí èèyàn mú nǹkan wá, ṣé kò yẹ kẹ́ ẹ mọ ibi tó wà ni?

Ó sáré tọ Simon lọ.

"Ọ̀gá tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa kó wọn lọ. Mo ti tà wọ́n fáwọn tó ń ra irin àlòkù."

Àfọwọ́fà ni, ta ló fẹ́ bá wí? Wọ́n wá sípíríìngì tókunbọ̀ kiri. Èyí tí wọ́n rí ti rọ̀, Simon fúnra rẹ̀ mirí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti wálẹ̀. Obìnrin yẹn wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀ gbà!

"Ẹ ò rí i? Ó ti dáa báyìí."

Lọ́jọ́ ìtọ́jú, Adégbìtẹ́ lẹ ìwé tuntun mọ́ gíláàsì iwájú. Wọn ò tíì jáde ládùúgbò tí abẹ́ ọkọ̀ fi gbálẹ̀. Ìyá ké.

"Àkànní, ṣé o ti ta ọkọ̀ wa ni?"

"Rárá, màámi. Ọkọ̀ wa náà ni. Wọ́n ti fún un níwèé pé ó dáa."

Ìyá di àga iwájú mú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Sọ fún ẹni tó kọ ọ́ kó wá jókòó síbí."