Rísíkàt Tó Ń Kí Gíìtì

Ẹni tó bá ń kánjú, kó má bá Rísíkàt Àjíṣafẹ́ rìn ní Wúsè. Á kí oníkẹ̀kẹ́, á kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn, á kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báǹkì tí kò mọ̀ rí. Bí Háúsá kan bá kí i ní sànnu, yóò dáhùn yauwa, yóò tún béèrè ilé, yóò béèrè iṣẹ́, yóò bá a dárò oòrùn tó ń mú. Ọmọ Kàbà ni, ọmọ Òkun, àwọn tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kí ara wọn náà ló di orúkọ wọn. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe sí i?

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣe ojú ewé ayélujára lọ́ṣọ̀ọ́: àwọ̀ tó yẹ, ìrísí lẹ́tà, ibi tí bọ́tìnnì yóò wà tí arúgbó fi máa rí i láìwá a. Yàtọ̀ sí èyí tó ń gbowó lé lórí ní ọ́fíìsì, ó ní ọ̀wẹ̀ kan tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Ìwé atúmọ̀ èdè Òkun lórí fóònù ni, tí ohùn àwọn àgbà wà nínú rẹ̀, tí àwọn èèyàn láti ìlú oríṣiríṣi ń dá jọ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì lè wo inú rẹ̀ kó tún un ṣe. Rísíkàt ló ṣe ojú rẹ̀ tó rẹwà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá wá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ ò ní rí i.

Gíìtì ló fà á. Gíìtì ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú gbogbo àyípadà tó bá wọ inú iṣẹ́ wọn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é, kí wọ́n lè dá a padà bí ó bá bàjẹ́. Ojú dúdú kan ni wọ́n ń kọ àṣẹ sí, bí èèyàn bá sì ṣi ẹyọ lẹ́tà kan kọ, á da òyìnbó bo onítọ̀hún. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Rísíkàt. Nítorí náà, orí Wọ́ọ̀sáàpù ló máa ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Mùbárákù, àbúrò kan tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì, pé kó bá òun tì í wọlé. Mùbárákù á tì í, Gíìtì á sì kọ Mùbárákù sílẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ Òkun ṣèpàdé ní Galadimawa, Mùbárákù ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Ó ń pariwo pé, "Kì í ṣe èmi o! Àńtí Rísíkàt ni!" Àwọn àgbà ní ẹ wo ọmọ onírẹ̀lẹ̀, wọ́n tún pàtẹ́wọ́ lé e. Rísíkàt bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún wọra. Ó pinnu pé kí wọ́n tó ṣí ìwé náà fún gbogbo ayé, orúkọ òun gbọ́dọ̀ wà lára iṣẹ́ òun.

Mùbárákù bá a gbé áàpù kan sórí kọ̀ǹpútà, èyí tí kò ní ojú dúdú, tó jẹ́ bọ́tìnnì nìkan. "Ẹ wò ó, Àńtí. Ẹ yan ohun tí ẹ yí padà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú àpótí yìí, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Ó parí."

"Ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ?"

"Ohun tí ẹ ṣe. Ẹ kàn sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀."

Ta ló rán Mùbárákù ní irú ọ̀rọ̀ yẹn? Rísíkàt fa àga mọ́ra, ó kọ ọ́ pé: "Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo sọ bọ́tìnnì ohùn kalẹ̀ díẹ̀, kí àtàǹpàkò àwọn àgbà lè tó o. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ wọlẹ̀ lórí fóònù kékeré. Bó bá wọlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, èyí nìkan ni kí ẹ dá padà. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé." Ó tẹ̀ ẹ́. Orúkọ rẹ̀ yọ gedegbe, Rísíkàt sì jó yí tábìlì ká.

Ẹni tó ń gba iṣẹ́ wọlé fún wọn ni Láníyì, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan tí Rísíkàt kò fojú rí rí. Ó gbà á wọlé, ó sì kọ èsì: "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ìlà kan ṣoṣo ni kí ẹ máa kọ." Ojú ti Rísíkàt. Látìgbà náà, ohun tí gbogbo ayé ń kọ lòun náà ń kọ: "Àtúnṣe." Lójú tirẹ̀, àfi bí ẹni wọ ilé onílé láìkan ìlẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ìwé náà, ariwo ta. Bọ́tìnnì tí èèyàn ń tẹ̀ kó tó gbọ́ ohùn àwọn àgbà ti pòórá lórí fóònù kékeré, fóònù kékeré sì ni àwọn àgbà ń lò. Láníyì wo ìtàn iṣẹ́ náà títí: Àtúnṣe, Àtúnṣe, Àtúnṣe. Ó ní kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Rísíkàt náà ṣí i wò. Ó ti fọwọ́ kan bọ́tìnnì náà láìmọye ìgbà, òun gan-an kò sì mọ èwo lèwo nínú gbogbo "Àtúnṣe" tó kọ. Èyí tó kí wọn nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ó kà á, ó rí i pé ohun tí òun bẹ̀rù gan-an ló ṣẹlẹ̀.

Mùbárákù rọra sún mọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá a padà, Àńtí. Orúkọ mi ló máa hàn. Kò sẹ́ni tó máa bi yín."

Ká sòótọ́, ó wù ú. Orúkọ tó ń lé kiri láti ọjọ́ yìí, ṣé orí àṣìṣe ni gbogbo ayé yóò ti kọ́kọ́ kà á?

"Rárá o, àbúrò mi. Èmi ni mo bà á jẹ́, èmi náà ni màá tún un ṣe."

Ó dá a padà fúnra rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé: "Òkun o, ọ̀gá Láníyì. Mo mọ̀ pé ìlà kan lẹ ní kí n kọ, ẹ forí jì mí. Èmi Rísíkàt ni mo ri bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, kì í ṣe ẹlòmíràn. Mo ti hú u jáde. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

Bọ́tìnnì padà sáyè rẹ̀. Láníyì pè é lórí fóònù, ẹ̀rín ń pa á débi tí kò lè sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún máa kí wa! Ọ̀rọ̀ yín nìkan ló jẹ́ ká mọ ibi tí à ń lọ." Wọ́n ṣí ìwé náà lọ́jọ́ náà gan-an. Láníyì sì tún àpótí ọ̀rọ̀ náà ṣe fún gbogbo àwọn tó ń ṣe ojú ewé: ẹ kí wa, ẹ sọ ohun tí ẹ yí padà, ẹ sọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, Rísíkàt ni yóò máa gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọlé.

Ẹni tó kọ́kọ́ kan ìlẹ̀kùn ni Tony, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe ojú ewé náà, tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Inú takisí ni Rísíkàt wà tí iṣẹ́ rẹ̀ fi wọlé: "Good morning, Aunty Rísíkàt. Well done o. I don change the green small. I dey fear say e too bright. Abeg check am. Greet your people."

Rísíkàt ka orúkọ ara rẹ̀, ó tún un kà, ó bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó bi í pé kí ló dé.

"Wọ́n ń kí mi ni," ló wí.