Kẹ̀kẹ́ Méjì àti Ìkòkò Ọbẹ̀ Kan Nínú Yìnyín

Nígbà tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, láàárín àwọn ọdún 1980 yẹn, ni wọ́n mú mi láti Ìbàdàn wá sí Chicago, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ní òun ni bàbá mi. Ìyá mi ti kú kí n tó mọ̀ ọ́n rìn, bàbá mi sì ti kọjá sí Amẹ́ríkà kí n tó dá ojú ẹ̀ mọ̀. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló tọ́ mi. Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, ó fà mí létí, ó ní, “Kúnlẹ̀ kí i dáadáa o. Má wò ó bí ẹni ń wo àlejò.” Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni ń wo àlejò náà ni mo wò ó.

Mi ò lè pè é ní bàbá. Ọ̀rọ̀ náà kì í jáde. Bí mo bá fẹ́ nǹkan, màá lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀ títí yóò fi gbójú sókè. Òun náà á fi ìwé ìròyìn bojú, á máa yọjú wò mí lábẹ́lẹ̀. Ẹ wo wèrè méjì nínú yàrá kan.

Lọ́jọ́ kan mo sunkún Ìyá Àgbà títí ojú mi fi wú. Bàbá mi ní, “Ó dáa. Tí yìnyín yìí bá yọ́ tán, tó o bá ṣì fẹ́ padà, màá mú ẹ lọ fún ìyá mi.” Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni mò ń lọ wo yìnyín lójú fèrèsé, bí ẹni ń wo iṣu tó wà lórí iná.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Oak Park ló ti ń ṣiṣẹ́. Òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣe ṣífùtù sọ fún un pé bí bàbá bá fẹ́ kí ọmọ fẹ́ràn òun, kí wọ́n jọ gun kẹ̀kẹ́ lọ sùn nínú igbó. Òyìnbó yẹn ò ní kó lọ nínú òtútù o. Àmọ́ bàbá mi ò lè dúró de ẹ̀ẹ̀rùn: yìnyín ti ń yọ́.

Ó yá kẹ̀kẹ́ méjì àti àgọ́ kan. Lówùúrọ̀ Sátidé, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan fi ọkọ̀ gbé wa kọjá Romeoville, ó já wa sílẹ̀ létí igbó ìjọba kan, ó ní, “Alájì, ṣé orí yín pé ṣá?” Bàbá mi ò tíì dé Mẹ́kà rí, irùngbọ̀n ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ẹrù tó dì: odindi ìkòkò ọbẹ̀ ẹran pẹ̀lú ọmọrí, tó fi okùn dè mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, gàrí, kẹ́tù àlùwàlá, ẹní ìkírun, bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Àwọn òyìnbó tó ń kọjá lára wa ò gbé ju báàgì kékeré kan lọ. Òkè lòkè lóhùn-ún. Ẹrẹ̀ lókè, yìnyín lábẹ́. A ò gun kẹ̀kẹ́ kankan o, kẹ̀kẹ́ ló gùn wá. Nígbà tó rẹ̀ mí, ó ń fi ọwọ́ kan ti tiẹ̀, ó ń fi ìkejì ti tèmi, ó ń mí bí ẹṣin.

Ká tó pàgọ́ tán, ọbẹ̀ ti dì gbagidi. Ó fi ṣíbí kàn án, ó dún kọ́kọ́kọ́ bí ìgbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ó ní, “Ta nìyẹn?” Ẹ̀rín gbọ̀n mí, mo gé ètè jẹ, kó má baà rò pé mo ti gbà láti dúró. A dáná, a ro ẹ̀bà tó kún fún kókó, a fi ọbẹ̀ olóòórùn èéfín jẹ ẹ́. Títí dòní mi ò tíì jẹ irú ẹ̀. Gbogbo ẹran tó tóbi, ọ̀dọ̀ mi ló ń tì í sí. Nígbà tí mo jí láàárọ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára mi. Òun jókòó sẹ́nu àgọ́ nínú kóòtù, ó ti yọ́ ìyókù ọbẹ̀ lórí iná, ètè ẹ̀ funfun bí ẹfun.

Ó ní, “Dúró síbí, jẹ́ n kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ wo ọ̀nà.” Ó gun kẹ̀kẹ́, ìkòkò ń dún gbaragada lẹ́yìn ẹ̀, ó yà wọ àárín igi. Mo gbọ́ gbì. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Mo dúró. Bí mo ṣe máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà ni mo dúró. Ta ló máa gbójú sókè? Mo ké pé, “Ẹ jọ̀ọ́!” Kò sí ohùn. “Ẹ̀yin!” Kò sí. “Alájì!” Igi nìkan ló ń wò mí. Ẹ̀rù wá bò mí.

“Bàbá mi o!”

Mo gbọ́ eré. Ó ń sáré gòkè bọ̀ nínú ẹrẹ̀, bàtà kan ti bọ́, ọbẹ̀ kún irùngbọ̀n ẹ̀.

“Kí ló dé? Kí ló ṣe ẹ́?”

“Kò sí nǹkan.”

“Kò sí nǹkan kẹ̀? Ta lò ń pè?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Kí lo pè mí?”

Mo wolẹ̀. “Bàbá mi.”

“Tún un pè. Ọbẹ̀ ló dí mi létí ọ̀tún.”

Ẹ̀rín tí mo ti ń gbé mì láti àná bú jáde, mo rín in títí inú fi ń dùn mí. Bàbá mi kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ní òtútù ló ń mú ojú òun ṣomi. Ẹ̀yìn ìyẹn ló jẹ́wọ́ pé òun ti gbọ́ “Alájì”, ẹran tó dànù lòun ń ṣà lọ́wọ́.

Yìnyín yọ́ tán lọ́sẹ̀ kejì. Mo rí ilẹ̀ dúdú lójú fèrèsé, òun náà rí i. Kò bi mí, èmi náà ò rán an létí.

Lóde òní, nǹkan ti rọrùn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmọkùnrin mi kó àwọn ọmọ ẹ̀ lọ sí irú igbó bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọkọ̀ ni wọ́n gbé lọ, orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ni wọ́n sùn, wọ́n sì fi fóònù pè mí ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta oúnjẹ, ìgbà mọ́kànlá. “Mọ́mì, ẹ wo igi yìí.” Mò ń wọn ìrẹsì fún kọ́sítọ́mà, mo ní mo ti rí igi rí. Láyé tiwa, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo pe bàbá mi, ọkùnrin yẹn ju kẹ̀kẹ́ nù, ó ju ẹran nù, ó fi bàtà kan gun òkè.