Gírísì Ara Kọ́kọ́rọ́

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí kì í kánjú, ẹ wá wo ọkọ mi nídìí mọ́tò. Bàbá Ẹ̀sọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí mi. Iṣẹ́ sípíríìnì ló ń ṣe, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn sábẹ́ ìdí ọkọ̀, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹrù tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Èmi ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu géètì rẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọkùnrin òdìkejì títì ń fi àárọ̀ ṣe tán, odindi ọjọ́ ni ọkọ mi á fi ṣe é. Bí mo bá yanu, á ní, "Ìyá wọn, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Mo ti gbọ́ òwe yẹn débi pé mo lè pa á lójú oorun.

Ó ní àṣà kan. Bó bá de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn tán, kò tíì parí lójú tiẹ̀. Á fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀ sókè títí táyà ẹ̀yìn méjèèjì á fi kúrò nílẹ̀, tí wọ́n á rọ̀ dirodiro bí ẹsẹ̀ ọmọ tí wọ́n gbé lábíyá. Á wá ki ọwọ́ sábẹ́, á máa fọwọ́ kan gbogbo rọ́bà àti wáyà, kó mọ̀ bóyá èyí tó fà le jù wà níbẹ̀. "Ọkọ̀ tó dúró sílẹ̀ lè parọ́ fún ẹ," ló máa ń wí. "Jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ rọ̀ kó o tó gbà á gbọ́." Ẹ̀yìn ìyẹn ni á tó yọ àkísà lápò, á nu ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ jókòó ti oúnjẹ, á sì wí pé, "Ó parí."

Nígbà tí ọmọbìnrin wa wà ní kékeré, òun ló máa ń bá a ki ọwọ́ sábẹ́, torí apá rẹ̀ tín-ín-rín. Ọkọ mi ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ọmọ yìí ló máa jogún sípánà òun. Ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó súre fún un, ṣùgbọ́n èmi tí a jọ ń sùn mọ̀ pé ó dùn ún.

Jíìpù gíga kan ni ọmọ wa fi ń gun orí òkè lọ gbé àwọn aboyún. Ìdí jíìpù náà ti wálẹ̀. Bí èèyàn mẹ́ta bá ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀, òkúta á máa ha abẹ́ rẹ̀ gbàgàgbàgà. Ó gbé e wá fún bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, mo fẹ́ kí ẹ̀yìn ẹ̀ ga sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ ṣe é o. Àwọn òdìkejì títì ní báyìí báyìí làwọn máa ṣe é tán."

Ó fi ṣe àwàdà ni. Mo rí ojú ọkọ mi, kò gbà á sí àwàdà.

Ó tú sípíríìnì àtijọ́ kúrò, ó fi èyí tó nípọn tó sì tẹ̀ sókè dáadáa síbẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì gígùn, èyí tó ń dín fífò ọkọ̀ kù, tì í. Ìdí jíìpù gbéra sókè bí ìdí obìnrin tó wọ bàtà gogoro. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa jáàkì bọ̀ nígbà tí fóònù ọmọ wa dún. Obìnrin kan ń rọbí lórí òkè, ọmọ fi ìbú sùn nínú rẹ̀. Bí wọn ò bá tètè gbé e dé ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ, ìyá á lọ, ọmọ á lọ.

"Bàbá mi, ṣé ó ti parí?"

Àwọn ọmọkùnrin òdìkejì títì ń rẹ́rìn-ín nǹkan kan láàárín ara wọn, kò tiẹ̀ kàn wá. Ọkọ mi wo ọ̀dọ̀ wọn, ó wo jáàkì, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ó parí," ló wí, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Eruku jíìpù náà kò tíì rọlẹ̀ tí mo fi rí i tí ọkọ mi dúró gbagidi, tó ń wo jáàkì náà. Ó mú rọ́bà bíréèkì kan níbi tí mo tò wọ́n sí, ó nà án gbọọrọ lójú ara rẹ̀. Rọ́bà yìí ló ń gbé epo bíréèkì láti ara ọkọ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nígbà tí jíìpù dúró sílẹ̀, ó gùn tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá fò, tí ẹsẹ̀ rọ̀, sípíríìnì tuntun á fà á kọjá ibi tó lè dé. Á já.

"Ìyá wọn," ló wí, ohùn rẹ̀ ti yí, "mi ò rọ ẹsẹ̀ ẹ̀."

"Kí lẹ wí?"

"Fún mi ní èyí tó gùn. Àti epo bíréèkì."

Orí mi gbóná. "Ṣé torí àwọn ọmọ òdìkejì títì yẹn lẹ ṣe parọ́ fún ọmọ yín?" Mo pe fóònù ọmọ náà, mo tún un pè. Kò wọlé. Fóònù kì í lọ lórí òkè yẹn láéláé.

A gun alùpùpù tí a fi ń kó ọjà. Ọkùnrin tí mo ti ń bẹ̀ pé kó sáré láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, ọjọ́ náà ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Òjò ti ṣú. Àárín ọ̀nà ni kòtò ńlá kan wà tí ọ̀gbàrá gbẹ́. Kò sí ibi tí ọkọ̀ lè gbà yà fún un, ó gbọ́dọ̀ já sínú rẹ̀ ni kó tó jáde. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ó fọwọ́ kan òkúta kan, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Epo bíréèkì ni," ló wí.

Gígun òkè kò nílò bíréèkì púpọ̀. Sísọ̀ kalẹ̀ ni ikú wà, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀gbun lápá kan. Mo pe Ọlọ́run ní gbogbo orúkọ tí mo mọ̀.

Nígbà tí a dé orí òkè, ẹsẹ̀ ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjì tó yọ síta lábẹ́ jíìpù, kò mira. Ọkọ mi ju alùpùpù sílẹ̀ pẹ̀lú èmi lórí rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé jáàkì wà lábẹ́ ìdí ọkọ̀, pé táyà ẹ̀yìn méjèèjì ń rọ̀ dirodiro. Lórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan, obìnrin tó ń rọbí náà ń kérora. Ọkọ rẹ̀ ń pariwo, "Ìyàwó mi ń kú lọ, nọ́ọ̀sì lọ sùn sábẹ́ mọ́tò!"

Ohùn ọmọ mi jáde lábẹ́ níbẹ̀. Bàtà bàbá rẹ̀ ló rí.

"Bàbá mi, ẹ parọ́ fún mi."

"Mo parọ́ fún ẹ, ọmọ mi. Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Gírísì ló kún ara kọ́kọ́rọ́. Ẹ ò tíì nu ọwọ́ yín tẹ́ ẹ fi ní ó parí. Ọ̀nà ni mo ti rí i, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọkọ̀ sókè wò kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Ṣé ẹ mú èyí tó gùn dání?"

"Mo mú un. Jáde, jẹ́ kí n wọlé."

"Apá tèmi ló ń wọ ibẹ̀. Ẹ nà án sí mi, kẹ́ ẹ lọ jókòó sídìí bíréèkì."

Ó lọ jókòó. Ọ̀gá rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ń lé atẹ́gùn kúrò nínú bíréèkì, ọmọ ń pariwo, "Ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ mú un mọ́lẹ̀! Ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀!" bàbá ń dáhùn bí ọmọ iléèwé. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Èmi ń di ọwọ́ aláboyún náà mú, mò ń parọ́ fún un pé ó ti kù díẹ̀.

A gbé e sẹ́yìn jíìpù. Ọmọ mi wà nídìí ọkọ̀, èmi àti bàbá rẹ̀ gun alùpùpù tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé etí kòtò, iná pupa ẹ̀yìn jíìpù tàn, ọkọ̀ dúró. Ó wá rọra já sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rọ̀, ó sì tún gòkè. Iná pupa tún tàn lódìkejì. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ tí ọkọ mi mí.

Nílé ìwòsàn, àwọn dókítà gba obìnrin náà lọ́wọ́ wa. A dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wa tutù, títí a fi gbọ́ igbe ọmọ tuntun, tí nọ́ọ̀sì kan sì yọjú pé ìyá náà wà láàyè.

Ọmọ mi ki ọwọ́ sápò bàbá rẹ̀, ó yọ àkísà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, kò kánjú rárá. Ó dá àkísà náà padà fún un.

"Ó parí, Bàbá mi."

Bàbá Ẹ̀sọ̀ bú sẹ́kún lójú gbogbo èèyàn. Èmi tí mo ti to èébú sẹ́nu de ìgbà tá a bá délé, mo gbé gbogbo rẹ̀ mì.