Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Ìròyìn Òjò Sẹkọndi

Òórùn káfúrà ló máa ń kún inú yàrá wa ní Asafo, ní Kùmásì ilẹ̀ Gánà, nígbà òjò. Wọ́sìwọ́sì ni ìyá mi ń tà lọ́jà: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, bọ́tìnnì, àti káfúrà tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, a ó sáré kó gbogbo rẹ̀ wọlé, a ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òórùn náà a sì dà pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ tútù àti èédú tí omi ti kàn. Títí di òní, bí mo bá ṣí àpótí aṣọ tí mo gbóòórùn káfúrà, Kùmásì ni mo wà.

Ọdún 1969 ni mò ń sọ, kó tó di pé ìlú yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Òjò ọdún yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Tiwa ní Kùmásì tiẹ̀ dáa, etíkun ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Sẹkọndi lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, tó ń ta páàtì kẹ̀kẹ́ nítòsí òkun. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, oṣù rẹ̀ sì ti pé. Lójoojúmọ́ ni rédíò ń sọ pé omi ti ya wọ ìgboro, pé afárá ti já lójú ọ̀nà, pé wáyà tẹlifóònù ti já. Àwọn dẹ́rẹ́bà tó máa ń bá wa jíṣẹ́ láti ibẹ̀ kò rọ́nà gbà mọ́. Rédíò bàbá mi nìkan ló kù tó lè sọ fún wa bóyá ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè. Asọ̀rọ̀mágbèsì làwọn àgbà ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí kò ṣeé dá dúró kéèyàn bi í pé kí lo wí.

Ìyá mi gbọ́ Twi, èdè àwọn Àṣáńtì tó ni ìlú, àmọ́ Twi ọjà ni. Ó lè fi nájà, ó sì lè fi bú ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ débi tónítọ̀hún á fi tọrọ àforíjì. Èyí tí wọ́n ń kà wéréwéré nínú rédíò ni kì í yé e tán. Bàbá mi ní tiẹ̀, Hausa ló gbọ́. Èmi tí wọ́n bí sí Kùmásì ni mo máa ń túmọ̀ ìròyìn fún wọn. Ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mi ò sí nílé. Òjò ti ká wa mọ́, mo sì ti sáré lọ fi rọ́bà bo ìyókù ọjà wa.

Nígbà tí mo dé, ìyá mi wà nílẹ̀. Gèlè rẹ̀ ti tú, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ní ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Àwọn obìnrin ará Ọ̀yọ́ tá a jọ ń gbélé ti yí i ká, àwọn náà ń sunkún. Bàbá mi fara ti ògiri, ó ń sọ "Ìnnà lílláhì" lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ní rédíò ló sọ ọ́: pé omi lé àwọn èèyàn wọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Sẹkọndi, pé Alatani kan wà tó ń ta páàtì kẹ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú sínú kíláàsì. Alatani ni àwọn Àṣáńtì ń pe Yorùbá. Mo bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú. Bàbá mi ní òun gbọ́ "Alatani" ní tòun. Ìyá mi ló gbọ́ èyí tó kù: "ne yere awu," ìyàwó rẹ̀ ti kú. Mo jókòó tì í, èmi náà figbe ta.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá onílé fi yọ sí wa. Opó ni, ọmọ Àṣáńtì, yàrá rẹ̀ wà ní òdìkejì àgbàlá, ariwo òjò lórí páànù kò sì jẹ́ kó gbọ́ igbe wa. Ó gba inú òjò wá, ó fi abọ́ bo orí. Aṣọ funfun báláú ló ró, ó ti fi páúdà kun ọrùn àti apá, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá mi wo aṣọ náà látòkè délẹ̀, ó sì yíjú sí ògiri. Bàbá mi, tí kì í bá èèyàn jà, ní kí n sọ fún obìnrin náà kó padà sí yàrá rẹ̀, pé lóòótọ́ àlejò ni wá lábẹ́ òrùlé rẹ̀, àmọ́ ọmọ ló kú fún wa, kì í ṣe ewúrẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣeé túmọ̀ lẹ́nu mi. Mo kàn sọ fún un ní Twi pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú, rédíò ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó gbé abọ́ sílẹ̀. "Daabi," ó ní. "Wanwu. Wawo."

Rárá, kò kú. Ó bímọ ni. Awo ni ìbí, awu ni ikú, ètè ló sì fi díẹ̀ báyìí yà wọ́n sọ́tọ̀. Etí tí kò bá mu Twi pẹ̀lú ọmú ìyá, ọ̀kan náà ló máa gbọ́, pàápàá lábẹ́ páànù tí òjò ń lù. Mo ti ń pariwo ayọ̀ nígbà tí mo rí i pé ìyá mi ń mi orí. "Ohun tí mo gbọ́ náà ló tún wí yẹn," ó ní.

Ìyá onílé kúnlẹ̀ tì í lórí ilẹ̀ tútù náà. Ó fa ọwọ́ ìyá mi, ó gbé e lé ikùn ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ká apá rẹ̀ méjèèjì sí àyà, ó ń mì í jẹ́jẹ́ sọ́tùn-ún sósì, ó sì ń kọrin ìrẹmọ lábẹ́ imú. Kò sí ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ gbogbo wa rí i.

Ìyá mi wò ó títí. Ó wá ní kí n bẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe.

Ìyá onílé tún un ṣe. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló ṣàlàyé pé òun náà gbọ́ ìròyìn náà nínú rédíò tòun, pé aṣọ funfun àti páúdà ni wọ́n fi ń kí abiyamọ nílẹ̀ wọn, pé wíwẹ̀ àti pípààrọ̀ aṣọ ló dá òun dúró, nítorí èèyàn kì í wọ aṣọ ìdáná lọ kí ẹni tó bímọ. Nígbà tí wọ́n tún ìròyìn kà nírọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó ti rédíò, ó na ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má mí. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ: awo. Bàbá mi tọrọ àforíjì, ìyá onílé sì fi páúdà pa á lọ́rùn pé ìyà tó tọ́ sí i nìyẹn. Bí ọ̀nà ṣe là ni wọ́n gbé ọmọ náà wá fún wa. Béjídé la sọ ọ́, nítorí òjò ló bá dé.

Ọdún yẹn ò tíì parí tí rédíò fi sọ pé kí àwọn àlejò tí kò níwèé kó ẹrù wọn kúrò ní Gánà. Wọ́n kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Twi, ní Hausa. Kò sí òjò lọ́jọ́ náà. Ìyá mi dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì gba àgbàlá kọjá lọ bá ìyá onílé pé kó bá òun tún un sọ, bóyá òun ṣì í gbọ́ ni. Obìnrin yẹn fa orí ìyá mi mọ́ èjìká, ó ní, "Woate no yie." O gbọ́ ọ dáadáa. Mo fẹ́ràn obìnrin náà dé ọkàn, mi ò sì fojú kàn án mọ́ láyé.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tá a padà sí, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìròyìn burúkú wọlé, ìyá mi kì í sunkún. Á ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ìyá onílé." Àwọn ará ilé wa rò pé arán ló ń ṣe é. Àwa tá a jọ ti Kùmásì bọ̀ mọ̀ ọ́n, àwa náà sì ń sọ ọ́. Ó gbà wá lọ́wọ́ ẹkún òfo ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ìròyìn àkọ́kọ́ kì í sábà pé tán.

Béjídé ló fi fóònù pè mí lọ́jọ́ tí ìyá mi dágbére fáyé. Ó ti dàgbà nígbà yẹn, ó sì fara balẹ̀ sọ ọ́ ní Yorùbá tí kò lábùlà. Ó yé mi. Síbẹ̀, mo ní, "Béjídé, kọ́kọ́ lọ bi ìyá onílé."

"Mo ti bi í, Àǹtí," ó ní.